Gíláàsì Tó Ń Sẹ́ Pupa

"Bhabhi, ẹ má jẹ́ kí n tún padà wá o. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo fẹ́ lò ó."

Kaushal, àbúrò ọkọ Nirupa, ló ń sọ̀rọ̀; Bhabhi ló máa ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé fọ́tò, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, bí ẹni tí iṣẹ́ ń lé kiri. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ jíìpù kan ń kùn lójú títì ìlú Khavda. Awakọ̀ rẹ̀ ti gbé àpótí gígùn kan sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ń fi okùn dè é. Awò ìwòràwọ̀ ló wà nínú àpótí náà. Nirupa ló ni ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í bóyá kí wọ́n gbé e.

Nirupa kò gbójú sókè. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tì darandaran kan ló ń gé lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí sísọ́ọ̀sì gba etí ọkùnrin náà kọjá.

"Kí lo fẹ́ lò?" ó bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Kámẹ́rà yẹn náà ni. Èyí tó ń rí pupa. Àwọn àlejò ti kúrò ní Bhuj, wọn ò ní pẹ́ dé. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé ojú wọn kòrókòró ni màá ti ya Orí Ẹṣin. Mo ti ta aṣọ funfun ńlá kan síta, orí ẹ̀ ni àwòrán á máa yọ sí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i bí àgọ́ àlejò mi ṣe rí báyìí, Bhabhi. Bí ààfin ni."

"Mo máa kọ́kọ́ nu kámẹ́rà náà. Eruku ti wọ̀ ọ́. Èmi fúnra mi á gbé e wá."

"Ìyẹn dáa. Ẹ ṣáà tètè dé, torí mo ti sọ fún wọn nípa rotlo yín, búrẹ́dì jéró yín yẹn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣe é bíi tìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo Kutch. Ìdí ààrò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà. Ẹ wọ sáárì tó dáa."

"Mo ti gbọ́," ni Nirupa wí.

Kaushal ti wọkọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Nirupa gé fọ́tò náà tán, ó kó o sínú àpò bébà, ó sì gbé e fún oníbàárà rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, kò sì dúnàádúrà bó ṣe máa ń ṣe. Ó sanwó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó kọ́ Nirupa níṣẹ́ ìràwọ̀. Ìgbéyàwó ló máa ń yà, ìsọmọlórúkọ, àti òkú nígbà míì bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kan ló ń ti ibi ìgbéyàwó kan bọ̀ láti Banni, tí táyà ọkọ̀ wọn bẹ́ sáàárín aṣálẹ̀ iyọ̀. Awakọ̀ ń pààrọ̀ táyà, Nirupa sì dá dúró lórí iyọ̀ funfun yẹn, kò sí fìtílà kan lọ́tùn-ún lósì. Ló bá wòkè. Ó ti ń wòkè láti kékeré, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni òkè wo òun náà. Ó gbé kámẹ́rà ìgbéyàwó lé orí òkúta, ó ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dì. Ohun tó rí nínú àwòrán náà kò jẹ́ kó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi ra awò àlòkù kan lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣí kúrò ní Ahmedabad, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré tó máa ń yí i tẹ̀lé ìràwọ̀ bó ṣe ń rìn lójú ọ̀run. Ó wá mọ̀ pé gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà nínú gbogbo kámẹ́rà, àwọ̀ rẹ̀ bí omi tí wọ́n da aró díẹ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa dànù kí ojú èèyàn lè mọ́ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n pupa gan-an ni ọ̀pọ̀ ohun tó ń jó lókè lọ́hùn-ún. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú kámẹ́rà rẹ̀ kejì palẹ̀, ó yọ gíláàsì náà, ó sì tún un dè. Ìgbà tó kọ́kọ́ tàn án, kò jẹ́. Ó sunkún. Ó tún un tú, ó tún un dè, ó sì jẹ́.

Ọdún mẹ́ta ló fi lépa Orí Ẹṣin. Abẹ́ àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ló wà, àwọn ìràwọ̀ tí àwọn darandaran ibẹ̀ ń pè ní Àgbọ̀nrín. Kùrukùru dúdú kan ni, tó yọrí níwájú iná pupa bí ẹṣin tó na ọrùn láti mu omi. Ojú lásán kò lè rí i. Bí òtútù bá ti dé, tí òṣùpá kò sì sí, Nirupa á wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, á lọ síbi ilẹ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀ létí iyọ̀, á máa ya àwòrán kan náà léraléra. Lẹ́yìn náà á kó wọn lé ara wọn lórí nínú kọ̀ǹpútà títí ìdọ̀tí á fi kúrò, tí ẹṣin náà á sì jáde. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ba, kì í yé bú u. "Ìyàwó ilé wo ló ń sùn ní pápá bí ajá tí kò nílé?" á wí. Harshad ọkọ rẹ̀ á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ba, kì í ṣe ọkùnrin ló ń wá lọ."

Ìgbà tí àwòrán náà pé, Kaushal, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ pariwo. "Bhabhi! Ẹ̀yin lẹ ya èyí? Ẹ jẹ́ kí n mú un han àwọn ọ̀rẹ́ mi." Inú Nirupa dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a dà á sórí fóònù.

Kò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di òwúrọ̀ tí ìwé ìròyìn dé láti Bhuj. Kaushal ló wà lójú ewé kejì. Ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó di ìwé ẹ̀rí mú. Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìràwọ̀ kan ní Mumbai ti fi í jẹ ayàwòrán ojú ọ̀run tó pegedé jù lọ́dún náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Orí Ẹṣin wà.

Ilé kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n pín àkàrà dídùn. Kaushal ń fọwọ́ ṣàpèjúwe bí òtútù ṣe ń mú òun lórí iyọ̀. Nirupa dúró títí wọ́n fi tú ká, ó wá sọ fún un lójú ọkọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Tèmi ni àwòrán yẹn."

Kaushal kò tilẹ̀ jiyàn. "Bhabhi, ẹ ro ó wò. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórúkọ ara yín, ta ni á wò ó? Obìnrin tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tì ní Khavda? Mo fẹ́ dá àgọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wa létí iyọ̀ fún àwọn tó ń wá wòràwọ̀. Orúkọ yìí ló máa fà wọ́n wá. Gbogbo wa la jọ máa jẹ ẹ́."

Nirupa yíjú sí ọkọ rẹ̀. Harshad ń wo ilẹ̀. "Nirupa," ló wí, "a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Thacker ni ìwọ, Thacker ni òun náà. Orúkọ wa ṣáà ló wà nínú ìwé ìròyìn."

Ba jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń fi àlùmọ́gàjí gé sopari, èso líle tó máa ń rún lẹ́nu, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó ju wẹ́wẹ́ lọ.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nirupa ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń bá Kaushal rẹ́rìn-ín bí ó bá fi í ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì, kò ṣeé gbé mì, kò sì ṣeé tu dànù níwájú àlejò. Ó ń retí. Kò mọ ohun tó ń retí títí di ọ̀sán òní.

Ó ti ilé fọ́tò, ó gba ilé lọ. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé omi kaná kí ooru omi lè pa eruku. Ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì, ó sì dojú kámẹ́rà bolẹ̀. Ó tú súkúrú kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń tò wọ́n sínú àwo bó ṣe yọ wọ́n kí wọ́n má bàa dàrú. Láti inú agolo ìpara kan tó kó òwú sí, ó fi ẹ̀mú kékeré mú gíláàsì aláró náà jáde, gíláàsì tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ tó ti yọ ọ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ba ni.

"Tíì mi dà? Kí lò ń fi omi tó ń hó yaya yẹn ṣe?"

"Mò ń nu kámẹ́rà, Ba. Kaushal fẹ́ lò ó lálẹ́."

Ìyá àgbà náà dúró díẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo àwọn súkúrú nínú àwo, ó wo ojú Nirupa. "Ó dáa kéèyàn máa nu nǹkan," ló wí. Ó bu omi gbígbóná fúnra rẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rì sínú iyọ̀ nígbà tí Nirupa, Harshad àti Ba dé àgọ́. Loòótọ́ ló dà bí ààfin. Kaushal ti pàgọ́ aláṣọ rìbìtì yí ká, ó tẹ́ ẹní aláràbarà sílẹ̀, ó dáná sáàárín. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé Orí Ẹṣin kọ́ sókè, ó tóbi bí ilẹ̀kùn ààfin ọba. Orúkọ Kaushal Thacker ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nirupa kọjá lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ìyẹ̀fun jéró lórí, ó sì lọ jókòó sídìí ààrò.

Àwọn àlejò kò pọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ńláńlá ni wọ́n. Àgbà inú wọn ni obìnrin kan tí irun rẹ̀ funfun báláú, tí wọ́n ń pè ní Freni Aunty. Ara ẹgbẹ́ Mumbai tó fún Kaushal lẹ́bùn ni, òun gan-an ló sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kaushal ń tẹ̀ lé e kiri bí ọkọ ìyàwó tuntun.

"Màmá, ẹ jókòó síbí, ibí ni atẹ́gùn ò ti dé. Màmá, ẹ gba tíì."

"Ọmọ mi, mo ti mu tíì títí mo fi ń pariwo bí ìkòkò. Ìràwọ̀ ni mo wá wò."

Kaushal kọ́kọ́ fi kámẹ́rà tí Nirupa gbé wá ya àwọn àlejò nídìí iná kí wọ́n lè rí bí aṣọ funfun náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú wọn yọ síbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Freni Aunty nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó sún gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó sì wo aṣọ náà dáadáa.

Wọ́n jẹun. Wọ́n yin rotlo. Ilẹ̀ ṣú pátápátá, Àgbọ̀nrín sì gòkè wá, àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn yòò. Kaushal so kámẹ́rà mọ́ ìdí awò. Ó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ó ń ròyìn òtútù, àti ìfaradà, àti alẹ́ tí ìkookò hu létí òun. Ó tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo wọn dúró.

Àwòrán yọ lórí aṣọ. Ìràwọ̀ ni, ìràwọ̀ tó pọ̀, tó mọ́. Ṣùgbọ́n dúdú ni àárín wọn. Kò sí iná pupa. Níwọ̀n bí kò sì ti sí iná, kò sí ẹṣin.

"Ẹ fún un láyè," ni Kaushal wí. "Ó ń fẹ́ àkókò ni."

Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́ kó pẹ́. Nǹkan bí àbàwọ́n tíì lára aṣọ funfun ló yọ. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín kékeré. "Ṣé ẹṣin náà ti lọ jẹko ni?" Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Kaushal náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ga ju tiwọn lọ. Ó tún un yà. Ó yí èyí, ó tẹ tọ̀hún, títí gbogbo aṣọ fi funfun bí ìgbà tí kùrukùru bolẹ̀.

Nídìí ààrò, Nirupa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, pa, pa, pa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí aṣọ náà bá ti yọ dúdú, adùn kan á gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí oyin. Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti bá ara rẹ̀ wí.

Freni Aunty dìde. "Kaushal, ọmọ mi, kámẹ́rà yìí ni o fi ya Orí Ẹṣin?"

"Òun náà ni, màmá."

"O kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pé o ti yọ gíláàsì inú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti yọ ọ́."

"Kámẹ́rà tí wọ́n bá ti yọ gíláàsì inú ẹ̀, ojú gbogbo èèyàn á pọ́n nínú àwòrán ẹ̀ bíi tòmátì. O yà wá nídìí iná lẹ́ẹ̀kan. Ojú wa mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Gíláàsì wà nínú kámẹ́rà yìí."

"Kò lè sí níbẹ̀, màmá."

"Báwo lo ṣe yọ ọ́? Ibo lo ti kọ́kọ́ tú u?"

Kaushal ń fọwọ́ wá ìdí súkúrú kiri lára kámẹ́rà náà. Iná ń ta pàrà. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ó wò yíká bí ẹni tó ń wá ibi tó máa sá gbà, ojú rẹ̀ sì já lé ìdí ààrò.

"Bhabhi ni!" ó pariwo. "Ẹ ò rí i bó ṣe jókòó síbẹ̀? Òun ló dá a padà! Ó ń jowú mi látọjọ́ yìí! Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

Freni Aunty rọra yíjú sí i. "Òun nìkan?"

Àtẹ́lẹwọ́ Nirupa dúró. Harshad, tó ń kó abọ́ lọ́wọ́, fi abọ́ sílẹ̀. "Kaushal, dákẹ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Ba ló dìde láti orí ẹní. Orókún rẹ̀ ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. "Ẹ gbọ́," ó wí fún obìnrin Mumbai náà. "Èmi ni ìyá ọmọkùnrin yìí. Mo wà nílé ìdáná lọ́sàn-án òní. Nínù ni ìyàwó mi ń nu kámẹ́rà rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ta ló máa ṣe ọmọ ara ẹ̀ léṣe? Ọdún mẹ́ta ló fi ń sun orí iyọ̀ yìí, tó ń wé bùláńkẹ́ẹ̀tì olóògbé ọkọ mi. Mo máa ń bú u. Ẹ bi gbogbo ilé. Èyí tí ẹ fún lẹ́bùn, bí òtútù bá sún mọ́ ojú ọ̀nà wa báyìí, abẹ́ aṣọ ìbora ló máa ń wà títí oòrùn á fi gorí òrùlé."

"Ba!" ni Kaushal wí, ohùn rẹ̀ bí ti ọmọdé.

"Kí ni mo sọ tó jẹ́ irọ́?"

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Freni Aunty rìn lọ sídìí ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ Nirupa, ó sì mú rotlo kan. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀. "Ọ̀la láàárọ̀ ni mò ń lọ," ló wí. "Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan lálẹ́ yìí." Ó dìde, ó sì wọ àgọ́ rẹ̀ lọ.

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn náà kì í ṣe kékeré. Harshad, tí kì í gbóhùn sókè, gbé e sókè. Ó ní Nirupa ti tú ilé òun, ó ní gbogbo owó tí àbúrò òun yá ló wà nínú àgọ́ yẹn. Nirupa kò jiyàn. Ó ń fọ abọ́. Ìgbà tó rẹ Harshad, tó lọ sùn sí pálọ̀, Ba wọlé, ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ó ti tó báyìí," ìyá àgbà náà wí. "Yọ gíláàsì yẹn láàárọ̀ ọ̀la."

Abọ́ yọ̀ lọ́wọ́ Nirupa. "Ẹ mọ̀?"

"Ṣé o rò pé ojú mi ti fọ́ ni? Ẹni tó ń nu nǹkan kì í tilẹ̀kùn mọ́rí."

"Kí ló dé tí ẹ fi gbèjà mi nígbà náà?"

Ba fọwọ́ pa orókún rẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo ránṣọ kan. Abẹ́rẹ́ lásán, àti dígí wẹ́wẹ́, àti òwú oríṣiríṣi. Ọdún méjì ni mo fi rán an. Mo gbé e wọ ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin mú un, ó ní òun ló rán an, ó gbé e lọ ilé tiẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ẹ̀ ni á yìn ín. Wọ́n ní kí n dákẹ́, mo dákẹ́. Ó ti kú, wọ́n fi aṣọ yẹn bo òkú ẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti sun ún. Inú ń bí mi di bí mo ṣe ń wí yìí." Ó nu ẹnu. "Ṣùgbọ́n Kaushal, ọmọ mi ni. O ti dójú tì í. Ó ti tó."

"Kò tíì tó, Ba."

"Kí ló kù?"

"Èyí tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yìí, ahọ́n ẹ̀ ló yọ̀. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú làákàyè, lójú obìnrin yẹn, kí ó tó lọ."

Ba wò ó títí. "O le," ló wí. Ó dìde, ó di orókún mú. Kò sì sọ pé kò dáa.

Láàárọ̀, kí tíì tó hó, Kaushal ti dúró lẹ́nu ilé ìdáná. Ojú rẹ̀ wú. "Bhabhi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àlejò míì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bá mi yọ ọ́. Èmi ò mọ̀ ọ́n yọ."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n yọ."

"Mo ti jìyà tó. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń wò mí ni?"

"Mo rí i. Ó dùn mọ́ mi." Nirupa pa iná. "Lọ bá Freni Aunty. Sọ fún un pé o jí i. Má sọ pé o yá a, má sọ pé a jọ ṣe é. Sọ pé o jí i. Màá dúró tì ọ́ kí n lè gbọ́ dáadáa."

"Wọ́n á gba ẹ̀bùn náà padà. Àgọ́ á kú."

"Kó kú."

Kaushal yíjú sí Ba tó wà lójú fèrèsé. Ba ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, kò wo ibi tó wà.

Àwọn méjèèjì jọ wọ jíìpù lọ sétí iyọ̀, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Freni Aunty ti dẹrù, ó ń fi pákò fọ eyín. Kaushal dúró níwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ síbi òtútù àti ìfẹ́ ìdílé, Nirupa sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kaushal dúró, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. "Mo jí àwòrán náà, màmá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló yà á. Mi ò ya ìràwọ̀ kankan rí láyé mi."

Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀ka igi tí ewúrẹ́ ti jẹ èèpo rẹ̀. Nirupa fetí sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí ìkankan bọ́ sílẹ̀.

"A máa yọ orúkọ rẹ," ni Freni Aunty wí fún un. Ó yíjú sí Nirupa. "Ìwọ náà, mi ò lè kàn fà á lé ọ lọ́wọ́. Òfin ẹgbẹ́ kò gbà á. Bí ọdún mìíràn bá dé, fi tìrẹ ránṣẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn."

"Mo gbà, màmá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó má sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju kó wà lọ́wọ́ olè lọ."

Obìnrin àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Gíláàsì yẹn, ṣé ìwọ lo dá a padà lóòótọ́?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ rẹ mọ́. Mi ò rí eruku kan nínú àwòrán."

Kaushal fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà, tó sọ àwòrán ẹnu ọ̀nà kalẹ̀, tó ká a. Àgọ́ náà kò kú tán, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá síbẹ̀ báyìí, ràkúnmí ni wọ́n ń gùn, iyọ̀ ni wọ́n sì ń wò. Harshad kò bá Nirupa sọ̀rọ̀ tayọ "iyọ̀ dà" àti "mo ti dé." Kaushal àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń dáná tiwọn. Tábìlì tí wọ́n ti máa ń jẹun pọ̀ wá gbòòrò jù. Nirupa mọ̀ pé òun ló fà á. Ó máa ń rò ó bó bá ń gbálẹ̀, á wo yàrá ẹ̀yìn, á sì máa bá ilẹ̀ gbígbá lọ.

Ó gbé awò rẹ̀ padà wálé. Ó tún kámẹ́rà tú, ó sì yọ gíláàsì náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òṣùpá kò sí, bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó bá Ba tó ti jókòó síwájú, tó fi ṣọ́ọ̀lù wé orí.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Ba?"

"Ohun tí ilé mi fi tú ká, mi ò tíì rí i dáadáa rí. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣe ni mo máa ń gbójú kúrò lára ẹ̀."

Wọ́n lọ. Nirupa gbé àga fún un lórí iyọ̀, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣètò awò, ó wá Àgbọ̀nrín kàn, ó tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sì jókòó sínú òkùnkùn. Ba ń rún sopari. Kò bèèrè bóyá yóò pẹ́.

Kámẹ́rà ta kẹ́ẹ́. Nirupa tú u kúrò nídìí awò, ó sì gbé ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà náà sọ́dọ̀ ìyá àgbà náà. Àwòrán náà pupa, bí ẹ̀yinná tí wọ́n fẹ́ eérú kúrò lórí rẹ̀, láàárín rẹ̀ sì ni ẹṣin dúdú náà na ọrùn sí. Ba mú un sún mọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó tún mú un sún mọ́ ojú. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ jíjẹ.

"Ṣé lókè yẹn ló wà lóòótọ́? Nísinsìnyí tí mo jókòó síbí?"

"Ibẹ̀ ló wà, Ba."

"Ìwọ lo fi ọwọ́ rẹ fà á jáde."

"Èmi ni."

Ba di kámẹ́rà náà mú pẹ́, títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi kú. Ó dá a padà. Ó wo iwájú, níbi tí fìtílà àgọ́ ọmọ rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì tu sopari ẹnu rẹ̀ sórí iyọ̀.

"Ìyà tó o fi jẹ ẹ́ yẹn," ló wí, "ó kéré."